Ọmọ Tí Wẹ́fíà Dá Padà Sílé: Bí Iṣẹ́ Ṣe Ń Bọ́ Sọ́wọ́ Ilé-Ìwé

Ní Iléṣà, bí wẹ́fíà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀ràn ọmọdé, bá mú ọmọ kúrò nílé ìtọ́jú, tí wọ́n fà á lé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà kan lọ́wọ́, tí gbogbo wọn sì buwọ́ lùwé, ará àdúgbò á ní ọ̀ràn ti bùṣe. Fáìlì á wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Òṣìṣẹ́ tó ń yọjú sí ọmọ náà tẹ́lẹ̀ á kọjú sí ọmọ mìíràn tí ọ̀ràn tirẹ̀ gbóná jù. Láti ìgbà náà lọ, ilé-ìwé sábà máa ń jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí àgbàlagbà tí kì í ṣe ẹbí ti ń rí i lójoojúmọ́.

Ìwé ni ilé-ìwé kọ́kọ́ ń béèrè: lẹ́tà tíráńsífà, èsì ìdánwò tó ṣe kẹ́yìn, ìwé ọjọ́-ìbí. Ọmọ tí ọlọ́pàá rí lójú títì, tàbí tí wọ́n fi sílẹ̀ sí ọsibítù, lè máà ní ìwé ọjọ́-ìbí rárá. Àjọ ètò ìkànìyàn ló ń fúnni, ó sì yẹ kí wẹ́fíà ti bá a gbà á kí wọ́n tó pa fáìlì dé. Lẹ́yìn èyí ló kan kíláàsì. Ilé-ìwé a máa fẹ́ dá ọmọ tó ti pàdánù sáà ẹ̀kọ́ méjì padà sẹ́yìn. Ó rọ olùkọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 13 tí wọ́n fi sáàárín àwọn ọmọ ọdún 9 kì í pẹ́ sá. Ó sàn kó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa fi ọ̀sán kọ́ ọ ní ohun tó fò ó.

Ọ̀gá ilé-ìwé àti olùkọ́ kan ló yẹ kó mọ ìtàn rẹ̀, ó tán. Bí gbogbo yàrá olùkọ́ bá gbọ́, kó tó di ọ̀la, àwọn ọmọ á ti máa pè é ní “ọmọ wẹ́fíà” lórí ìlà. Ní England, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n ti fi kún iṣẹ́ ọ̀gá kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé kó máa tọpa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, títí kan àwọn tó ti ní in rí. Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ẹni tó bá láàánú lójú ló kù sí.

Rẹ́jísítà ni irinṣẹ́ olùkọ́ tó mọ ìtàn ọmọ náà. Òdo kan, àmì pé ọmọ kò wá, lè jẹ́ ibà. Bí òdo bá ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra, ó ṣeé ṣe kí ọmọ máa gbé igbá lọ sí Ọjà Atákúnmọ̀sà. Bí ó bá ń wá, àmọ́ tó ń sùn lórí tábìlì ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ohun tó jẹ lánàá kí ẹ tó fa pàṣán yọ. Olùkọ́ tó gbọ́n kì í sì bi í níwájú kíláàsì. Á ní kó wá bá òun gbé ìwé dé ọ́fíìsì, ọ̀nà ni wọ́n á ti sọ ọ́.

Ní ti owó, òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn láti praimárì dé JSS 3. Yunifọ́ọ̀mù, bàtà àti owó PTA kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn. Lẹ́yìn JSS 3, ọmọ sábà máa ń wà ní nǹkan bí ọdún 15, bẹ́ẹ̀ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ṣì kà á sí ọmọdé títí yóò fi pé 18. Àárín ọdún mẹ́ta yìí ni alágbàtọ́ ti ń mú ọmọ lọ sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Kì í ṣe ìkà. Owó WAEC ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ti ná owó wọn, kì í ṣe lórí kíkun géètì.

Bí àpá bá hàn lára ọmọ, tàbí tó ní òun ò relé mọ́, kí olùkọ́ má sáré lọ bá alágbàtọ́. Ọ̀gá ni yóò kọ̀wé sí wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀, Ìlà-Oòrùn tàbí Ìwọ̀-Oòrùn Iléṣà, níbi tí ilé ọmọ bá bọ́ sí. Fáìlì tí wọ́n pa dé ṣeé ṣí padà, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé sì lè pàṣẹ kí wọ́n máa bẹ ọmọ wò. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lè ti gba tíráńsífà lọ sí Ìwó. Nítorí náà, nọ́ńbà ọ́fíìsì ni kí ilé-ìwé kọ sí ẹ̀yìn fáìlì tirẹ̀, kì í ṣe ti èèyàn kan ṣoṣo.