“Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan”

Nínú gbogbo ohun tí à ń sọ lórí àìsàn ọpọlọ, gbólóhùn yìí ló ń bí mi nínú jù. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, lẹ́nu alájọgbélé, lẹ́nu wòlíì. Ọmọkùnrin kan kò sùn fún ọjọ́ mẹ́fà, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ó ti kó owó ilé ra igba àga fún ṣọ́ọ̀ṣì tí kò tíì dá sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, èsì dé, gbogbo rẹ̀ dára. “Ṣé ẹ rí i báyìí? Kì í ṣe ojú lásán.” Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ dókítà nìyẹn, ó ti di ti orí òkè.

Mi ò ní jókòó máa ṣàlàyé bóyá àìsàn tí wọ́n ń pè ní bipolar, èyí tí ara ẹni ti ń gbóná rékọjá ààlà nígbà kan, tí ọkàn sì ń wó lulẹ̀ nígbà mìíràn, wà lóòótọ́. Ó wà. Láti 1854 ni dókítà Faransé méjì, Falret àti Baillarger, ti ń bára wọn jà lórí ta ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, ó sì wà níbi gbogbo tí ènìyàn ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ dúró lé.

Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀? Èèyàn kì í sábà béèrè. Dókítà ń wá àwọn nǹkan mìíràn tó lè múni ṣe bẹ́ẹ̀: bóyá ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn ń ṣiṣẹ́ jù, bóyá ibà ti wọ ọpọlọ, bóyá kòkòrò HIV wà níbẹ̀, bóyá ṣúgà ara ti lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ jù. Wọ́n á tún yẹ ìtọ̀ wò bóyá aláìsàn náà ti fa nǹkan tí kò yẹ kó fà. Bí wọn ò bá rí ìkankan, inú dókítà á dùn, torí àwọn ọ̀nà yẹn ti dí, ó kù kó wo ibòmíràn. Èsì tó ní “kò sí” ń dáhùn ìbéèrè tí dókítà béèrè. Kò dáhùn èyí tí ẹbí gbé lọ́kàn wá láti ilé.

Kò sí ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń fi bipolar hàn. Kò sí n'Íbàdàn, kò sí ní London, kò sí ní Boston. Fọ́tò ọpọlọ pẹ̀lú kò lè sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo tó dúró níwájú dókítà. Bí “wọn ò rí nǹkan kan” bá jẹ́ ẹ̀rí àfiṣe, a jẹ́ pé gbogbo òyìnbó tó ní bipolar ni wọ́n fi ṣe, láìku ẹnì kan. Àwọn àjẹ́ á ti ṣiṣẹ́ gan-an o. Orí túúlu náà kì í hàn nínú ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tó torí rẹ̀ gun òkè lọ fún ogójì ọjọ́.

Kì í ṣe pé wọn ò wá a. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní ọsibítù Bundoora lẹ́bàá Melbourne, ní Australia, dókítà kan tó ń jẹ́ John Cade gbà gbọ́ pé májèlé kan gbọ́dọ̀ wà lára àwọn aláìsàn tí orí wọn gbóná, tó sì yẹ kó hàn nínú ìtọ̀ wọn. Ó ń gba ìtọ̀ náà, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún un sára guinea pig, ẹranko kékeré kan tó jọ eku, nínú yàrá ìkóúnjẹsí kan tí wọn ò lò mọ́. Kò rí májèlé tó ń wá náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó lo lithium kí ọ̀kan nínú àwọn èròjà inú ìtọ̀ náà lè yọ́, ó rí i pé àwọn ẹranko náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Àwọn kan tó tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn náà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lithium ti pọ̀ jù lára wọn ni. Bó ti wù kó rí, ó fún àwọn aláìsàn mẹ́wàá, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1949. Ohun tó wá nínú ìtọ̀ kò sí níbẹ̀, oògùn ló bá pàdé. Lithium yẹn ṣì wà lára oògùn tó dára jù fún àìsàn yìí títí dòní.

Àwọn onímọ̀ àjogúnbá náà ò sinmi. Ní 2025, wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde tó wo àwọn tó ní bipolar tó lé ní 150,000, wọ́n sì rí ibi 298 nínú àbùdá ara tó bá a tan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ, kò sí èyí tó tó fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àwọn tó ti ìran Yúróòpù wá ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ayẹ̀wò DNA kí òun fi sọ bóyá ọmọ yín ní bipolar, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ̀ ọ́n? Ẹnu ni. Ìtàn ni. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ní bipolar, ìgbà tí ara wọn bá wó lulẹ̀ ni wọ́n máa ń dé ọsibítù: wọn ò jẹun, wọn ò wẹ̀, ẹkún ni ṣáá. Dókítà á rí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, á kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì. Bí dókítà náà bá mọṣẹ́, á bi ìyá pé, “Mọ́mì, ṣé ìgbà kan wà rí tí oorun rẹ̀ dín kù gan-an, tí kò sì rẹ̀ ẹ́?” Ìyá á ní, “Rárá o, dókítà. Ara rẹ̀ le.” Ó tún bi í lọ́nà mìíràn: “Ìgbà tó ń náwó ju bó ṣe ń ná an tẹ́lẹ̀ ńkọ́?” Ojú ìyá á là. “Háà! Ìyẹn ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ òwò mẹ́ta pa pọ̀ lọ́sẹ̀ kan? Orí rẹ̀ pé nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Aago méjì òru ló ń jí fọ ilé. Kí Ọlọ́run dá ìgbà yẹn padà fún un ni à ń gbàdúrà.”

Ohun tí dókítà ń wá gan-an ni ẹbí ń fi ṣàdúrà. Kò sí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù torí pé ó ń ṣiṣẹ́ jù. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọdún lè gorí ọdún kí wọ́n tó pe àìsàn náà lórúkọ rẹ̀, kí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan sì ti máa ti ẹlòmíràn gòkè lọ sínú mania, ìyẹn orí gbígbóná. Mania tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti ẹni tí inú rẹ̀ dùn láàárọ̀ tó bínú nírọ̀lẹ́. Ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń lò ní ó gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan, àfi bó bá le débi pé wọ́n ní láti dá a dúró sí ọsibítù. Èyí tó rọjú jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹni tó ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní “bipolar” nítorí ó jágbe lánàá, ìwà ọ̀gá ló ń ṣàpèjúwe.

Mo gbà pé ìtàn ẹnu lè ṣini lọ́nà. Wọ́n ti fi hàn bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé fídíò àwọn aláìsàn kan náà fún àwọn dókítà Amẹ́ríkà àti ti Britain ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn: ohun tí ti London pè ní mania tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì, schizophrenia, àìsàn ọpọlọ mìíràn, ni ti New York ń pè é. Kí irú èyí lè dín kù ni wọ́n fi la àwọn àmì sílẹ̀ nínú ẹ̀dà ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà yẹn tó jáde ní 1980. Ó dín kù, kò tán. Bí dókítà kan bá sọ orúkọ àìsàn náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìbi ẹbí ní ohunkóhun, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wá ẹlòmíràn. Mi ò sì ní sọ pé ayé ò níkà. Ohun tí mò ń sọ ni pé èsì ẹ̀jẹ̀ tó dára kò fi ìkankan nínú rẹ̀ hàn.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa pàápàá, bí mo ṣe rí i, kò gbà gbọ́ pé ayé ló ń fà á tó bí ẹnu wọn ṣe ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa pe ọfọ̀, àmọ́ wọ́n á tún se gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ sínú ìkòkò. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní 1960 pé wọ́n ń fi í wo wèrè. Reserpine wà nínú rẹ̀, oògùn tí òyìnbó náà lò fún orí gbígbóná àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá jẹ́ ayé ló ń ṣe é, kí ni gbòǹgbò ń wá nínú ọ̀rọ̀? Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ wú u o. Ó máa ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ẹni tó ti ń lo oògùn ọsibítù sì lè dákú sórí rẹ̀.

Ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ṣe pàtàkì, ìyẹn la kì í kà sí. Ẹni tó ń lo lithium gbọ́dọ̀ máa lọ wọn ọ́n, wákàtí méjìlá lẹ́yìn èyí tó lò kẹ́yìn. Láàárín 0.6 sí 1.0 mmol nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wà. Bó bá kọjá 1.5, ewu ti dé. Aláìsàn àkọ́kọ́ tí Cade tọ́jú gbádùn débi pé ó padà sílé. Ó pa oògùn tì, àìsàn padà, wọ́n sì tún fún un ní oògùn náà. Ní 1950, lithium tó pọ̀ lápọ̀jù lára rẹ̀ ló pa á, torí kò tíì di àṣà nígbà náà láti máa wọn ọ́n. Kì í ṣe ibi gbogbo ní ilẹ̀ wa la ti lè rí i wọ̀n lónìí. Ìdí kan nìyẹn tí dókítà fi lè yan oògùn mìíràn bíi valproate, èyí tí obìnrin tó lè lóyún gbọ́dọ̀ bi í léèrè dáadáa, torí nǹkan bí ọmọ 1 nínú 10 tí ìyá wọn lò ó nínú oyún ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àbùkù ara.

Ẹni tó bá ń lo lithium, kó má ra ibuprofen ní kẹ́mísì láìbéèrè, ó ń mú kí lithium pọ̀ lára. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nínú ooru náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ti Ràmàdánì kó sọ fún dókítà kí oṣù tó lé. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n gidi, tí ẹsẹ̀ ò dúró, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu, ẹ má dúró de àárọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já oògùn náà dúró lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ara ti yá: ìwádìí fi hàn pé àìsàn tètè máa ń padà sára ẹni tó bá já a dúró lójijì ju ẹni tí dókítà ń dín in kù fún díẹ̀díẹ̀ lọ.