O Pọ́sítífù Kì í Ṣe Àrùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló sunkún níwájú fèrèsé tí a ti ń fún wọn ní èsì àyẹ̀wò ní láàbù wa ní Mọ́kọ́lá, torí pé wọ́n rí "O pọ́sítífù" nínú ìwé níbi tí a kọ ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ wọn sí. Wọ́n ní àwọn ti kó éèdì. Ọ̀kan ti pe ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, màmá ti ń pohùn réré ẹkún lórí fóònù, kó tó rántí pé ó yẹ kí òun bi mí léèrè.

Nínú iṣẹ́ tiwa, pọ́sítífù kò ju "a wá a, a sì rí i" lọ. Nẹ́gẹ́tífù ni "a wá a, a ò rí i". Kì í ṣe pọ́sítífù tí pásítọ̀ ní kí ẹ máa rò. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni pé kí la wá. Bó bá jẹ́ oyún la wá, pọ́sítífù á mú obìnrin tó ti ń retí ọmọ jó délé.

Ní ti pọ́sítífù tàbí nẹ́gẹ́tífù tó ń tẹ̀ lé lẹ́tà ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀, bí O tàbí B, èròjà kan lára sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ la ń wá, D ti Rhesus, èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Karl Landsteiner àti Alexander Wiener, kéde ní 1940. Nínú 100 èèyàn nílẹ̀ wa, ó lé ní 90 tó ní in. Àwọn tó yẹ kó jókòó tì mí ni obìnrin tí wọ́n kọ nẹ́gẹ́tífù fún, àwọn gan-an ló sì ń fi ẹ̀rín gba ìwé tiwọn lọ.

Bí ìyá bá jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, tí ọmọ mú pọ́sítífù lára bàbá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè kán sínú tìyá lọ́jọ́ ìbí. Ara ìyá á kà á sí àlejò, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ohun ìjà dè é. Àkọ́bí sábà máa ń yè bọ́. Àbúrò rẹ̀ tó bá tún mú ẹ̀jẹ̀ bàbá ni ọ̀ràn náà ń ká mọ́ inú: ohun ìjà yẹn á gba ibi ọmọ kọjá, á máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀. Abẹ́rẹ́ anti-D ló ń dènà rẹ̀. Ẹ gba ọ̀kan nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 28, ẹ gba òmíràn kí wákàtí 72 tó pé lẹ́yìn ìbí ọmọ tó jẹ́ pọ́sítífù. Bí oyún bá wálẹ̀, ẹ tètè wá bákan náà. Kò sí àgbo tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn tó gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń gún yín níka, tí wọ́n ń ní ẹ̀jẹ̀ yín ti dọ̀tí, ẹ yà fún wọn. Ọdún márùn-ún gbáko la fi kọ́ṣẹ́ yìí ní yunifásítì.

Obìnrin kan wá bá mi láti ìhà Òjé. Àkọ́bí rẹ̀ wà láyé, ó ti sin mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ń jẹ́ Málọmọ́, ọ̀kan ń jẹ́ Kòsọ́kọ́. Wọ́n fi abẹ kọ òkú ẹ̀kẹta lára kó má baà padà wá. Káàdì oyún àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án: "B nẹ́gẹ́tífù", báírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó rò pé ó túmọ̀ sí pé òun ò ní àìsàn kankan, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan míì fún un.

Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá kí òun lọ gba abẹ́rẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé ara rẹ̀ ti rọ ohun ìjà tirẹ̀ tán, abẹ́rẹ́ kò sì lè pa á rẹ́ mọ́. Èmi fúnra mi ló mú un lọ bá dókítà àwọn aboyún, torí oyún oṣù méjì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.