Ẹni Tó Fẹ́ Máa Tún Ọta Kì Nítorí Owó

Ẹni kẹrin rèé lọ́dún yìí. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi níhìn-ín ní Houston lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé páálí ńlá kan ka orí káńtà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra ẹ̀rọ o. Mi ò ra ọta mọ́ láyé mi." Ẹ̀rọ ìtúnkì olówó ńlá ni, èyí tí wọ́n fi ń kì ìkarahun ọta tí wọ́n ti yìn kó lè tún ṣeé yìn. Dọ́là 600 ló kó lé e. Mo bi í pé ìbọn wo ló ń yìn. Ó ní nine-millimeter, ìbọn ìléwọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù? Ẹ̀ẹ̀kan, páálí ọta méjì, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ọta. Ṣe ni mo jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò yìí fún gbogbo yín pa pọ̀, nítorí ó ti sú mi láti máa ṣe é fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọta nine-millimeter tí ilé-iṣẹ́ ṣe kò ju nǹkan bíi sẹ́ǹtì 25 lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lásìkò tí mò ń kọ èyí. Tí ẹ bá fẹ́ tún un kì fúnra yín, práímà, ìyẹn ohun kékeré ìdí ọta tó ń tanná ran ẹtu, á gba nǹkan bíi sẹ́ǹtì 7, orí ọta tó ń fò jáde lẹ́nu ìbọn á gba 10. Ẹtu ńkọ́? Páùn kan jẹ́ gíréènì 7,000. Ká ní ọta kan gba gíréènì 5, páùn kan á kì 1,400. Tí ẹ bá ra páùn náà ní dọ́là 45, ẹtu inú ọta kan jẹ́ sẹ́ǹtì 3 àti díẹ̀. Ide, ìyẹn ìkarahun ọta tí ẹ ṣà nílẹ̀ pápá ìyìnbọn, ọ̀fẹ́ ni. Ó di sẹ́ǹtì 20. Èrè yín lórí ọta kan jẹ́ sẹ́ǹtì 5.

Àbúrò yẹn ra ẹ̀rọ, yóò tún ra òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹtu, ẹ̀rọ ìfọde, ìwé ìlànà àti irinṣẹ́ ìwọ̀n gígùn. Dọ́là 800 ti lọ. Ẹ fi sẹ́ǹtì 5 pín in: ọta 16,000. Ẹni tó ń yìn ọgọ́rùn-ún lóṣù á lo ọdún mẹ́tàlá kó tó rí owó rẹ̀ gbà padà. Ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bá bí lónìí á ti wà ní girama. N kò sì tíì ka wákàtí tí yóò máa fi jókòó sí gàráàjì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tó ń yìn ọ̀nà jíjìn. Ọta ìbọn gígùn .308 tí wọ́n ṣe fún ìdíje lè tó dọ́là kan àtààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè tún un kì kó má pé dọ́là kan, ide rẹ̀ á sì tún padà wá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀méje. Síbẹ̀, kì í ṣe owó nìdí tí àwa tó ń ṣe é fi ń ṣe é. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ẹtu tó fẹ́ràn. Tí o bá rí i, ihò ọta márààrún lára páálí tí a ń yìn á jọ wọ abẹ́ owó ẹyọ kan ní ọgọ́rùn-ún yáàdì. Mo ti ń wá irú ayọ̀ yẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún, n kò tíì rí ilé-iṣẹ́ tó tà á fún mi.

Ti .22, ọta kékeré tí àwọn kan tún ń béèrè, kò ṣeé tún kì. Práímà rẹ̀ kò dá dúró, inú etí ide ni wọ́n fi í sí. Ẹ lọ ra á. Kò ju nǹkan bíi sẹ́ǹtì 8 lọ, òun gan-an ló sì yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa yìn.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ló ká mi lára jù. Ẹ máa ń náwó lé ẹ̀rọ, ẹ ó wá ra òṣùwọ̀n dọ́là 20, ẹ ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ó gbé fóònù tì í. Atẹ́gùn amúlétutù yẹn tó láti tàn án. Òṣùwọ̀n oníbátìrì tó ń sọ òótọ́ ní aago méje lè máa parọ́ ní aago mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé òkúta ìdíwọ̀n lé e kí n tó bẹ̀rẹ̀, ní àárín iṣẹ́ àti nígbà tí mo bá parí. Tí mo bá ti da ẹtu sínú ide 50 tó tò sínú pátákó oníhò, mo máa tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ẹtu gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èyí tó ga jù, dà á jáde. Èyí tó ṣófo, òun ló ń bọ́ ìka lọ́wọ́ ẹni.

Mo rí i ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan lára wa ra ọta àtúnkì nínú ọ̀rá nínáílọ́ọ̀nù, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tà á látinú búùtù mọ́tò níwájú gbọ̀ngàn òde àríyá. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí iye ẹtu, kò sí ọjọ́. Ọjọ́ kejì la jọ wà ní pápá. Dípò kí ìbọn rẹ̀ dún gbàù, ó dún pọ́, bí ẹni ṣí ìdérí ìgò. Mo pariwo, "Dúró!" Ó ti bo etí, kò gbọ́ mi. Kò sí ẹtu nínú ọta yẹn. Práímà nìkan ló ti orí ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn, ó há síbẹ̀. Ó fa ìbọn, ó tún yìn ín. Ọ̀pá náà wú bí ejò tó gbé eku mì, àpò ọta já bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ló rán ìka rẹ̀ méjì. Ọ̀pá ìbọn yẹn wà lára ògiri lẹ́yìn káńtà mi, lórí ìṣó. Ẹ wá fọwọ́ kàn án.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní kí o gba ìwé àṣẹ kí o tó tún ọta ara rẹ kì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò ló gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn. Ọkùnrin tó ń tajà ní búùtù yẹn kò gbà á. Ẹ má ra ọta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń kì í ní gàráàjì, ì báà jẹ́ àna yín.

Èwo wá ni ti epo pupa? Oníbàárà mi kan ta epo sínú páálí práímà, ó ní òun ń bọ Ògún kí ìbọn má baà ṣe òun léṣe. Epo a máa pa práímà! Irú èyí tí epo ti pa ìdajì rẹ̀ náà lè dún pọ́. Ọmọ ọdẹ lèmi. Inú àdó tó dé pinpin ni bàbá mi ń tọ́jú ẹtu ṣakabùlà rẹ̀ sí, bí ọwọ́ wa bá sì tutù, a kò gbọdọ̀ fi kàn án. Ọdẹ tó ń bọ Ògún lọ́dọọdún ni. Kò fi epo kan ẹtu rí. Ẹni tó sì sọ fún mi pé òun ní ayẹta, mo fi ọ̀pá ara ògiri hàn án, mo bi í pé ta ló yin ìyẹn.

Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó gbé ọmọ, nítorí òjé. Ẹ má jẹun nídìí ẹ̀rọ.

Àbúrò ọjọ́ Sátidé ti dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà, .22 ló fi owó rẹ̀ rà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jìn sí i, ẹ gbé òṣùwọ̀n yín wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé èyíkéyìí kí n fi òkúta ìdíwọ̀n mi wò ó. N kò ní gba kọ́bọ̀.