Àtúnṣe jíìnì: kí ni wọ́n tún ṣe gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Casgevy ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí i fún aláìsàn tó ti tó ọmọ ọdún 12 sókè. Látìgbà náà ni ìròyìn ti ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp, níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀ náà, pé òyìnbó ti ń sọ SS di AA. Àwọn òbí ń fi ránṣẹ́ síra wọn, àwọn àfẹ́sọ́nà tí jẹ́nótáìpù wọn kò bára mu náà ń fi ránṣẹ́. Ìròyìn ayọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi Casgevy tọ́jú kò di AA o. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ṣe fún un, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n, torí mo mọ àwọn tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ka orí ìròyìn yìí.

Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni himoglóbììnì wà, òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí ara ń wò tó fi ń ṣe é. Nínú jíìnì S, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà. Ẹni tó gba S lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba S lọ́dọ̀ ìyá, ni SS.

Ní láàbù, a máa ń kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí gíláàsì, a ó fi kẹ́míkà tó ń fa ọ́síjìn kúrò sí i, a ó sì fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Tó bá ṣe díẹ̀, tí a bá fi maikirosikóòpù wò ó, sẹ́ẹ̀lì tó rí roboto á ti gùn, á ti wọ́, orí rẹ̀ méjèèjì á sì ti ṣóńṣó. (Ti AS náà máa ń wọ́ báyìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba èsì àyẹ̀wò yìí nìkan ní jẹ́nótáìpù.) Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń rí nínú ara ẹni tó jẹ́ SS. Bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára himoglóbììnì S, á lẹ̀ mọ́ ara wọn, sẹ́ẹ̀lì á gan, kò sì ní lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá. Ibi tó bá há sí, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ìrora tí a ń pè ní kíráísísì ti ń wá.

Kí ló wá dé tí ọmọ tó jẹ́ SS fi máa ń ta pọ́ún-pọ́ún lọ́jọ́ ìkómọ? Á máa mu ọmú, á máa sanra, kò sí ẹni tí yóò fura. Ó di bí oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣàdédé wú, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìyá á ní kòkòrò ló jẹ ẹ́, ìyá àgbà á mú àdí wá. Ní ọdún 1948, dókítà kan ní Brooklyn, Janet Watson, sọ ohun tó fà á: ọmọ tuntun ṣì ní himoglóbììnì tó ń lò nínú oyún, tí a ń pè ní F, lára. F kì í lẹ̀ bíi S, kì í sì í jẹ́ kí S ráyè lẹ̀. Lẹ́yìn ìbí ni ara ń dẹ́kun ṣíṣe F díẹ̀díẹ̀, tí himoglóbììnì àgbà, tó jẹ́ S lára ọmọ SS, á sì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí F bá tán ni wàhálà á dé.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ifẹ̀ ló ní kànga tí wọ́n ti dé látìgbà tí ẹ̀rọ omi ti wọ àgbàlá. Omi ṣì wà nínú kànga yẹn, ọmọrí ló wà lórí rẹ̀. Bí F ṣe rí lára àgbà nìyẹn: jíìnì rẹ̀ wà níbẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́, àmọ́ jíìnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní BCL11A ti dé e. Ní ọdún 2008, Vijay Sankaran àti Stuart Orkin ní Boston fi hàn pé BCL11A ni ọmọrí náà. Casgevy kò tún ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, ìyẹn jíìnì S, ṣe rárá. Ọmọrí kànga ló ṣí. S ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n F ti tún ń jáde, ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ geere.

CRISPR, ohun èlò tó ń gé jíìnì, ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lára bakitéríà ni wọ́n ti rí i, òun ni bakitéríà fi ń gé fáírọ́ọ̀sì tó bá wá bá a jà. Ní ọdún 2012, Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna fi hàn pé èèyàn lè darí rẹ̀ lọ gé ibi tó bá wù ú lára DNA, ohun tí jíìnì fi ara ṣe, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2020.

Ìtọ́jú náà le, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣeré lójú yín. Wọ́n á kọ́kọ́ fa sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á gbé e lọ sí láàbù, ibẹ̀ ni CRISPR á ti gé ibi tó ń mú kí BCL11A ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn. Èyí máa ń gba oṣù bíi mélòó kan. Kí wọ́n tó dá a padà sí ara, wọ́n á fún aláìsàn náà ní busulfan, oògùn líle tó ń pa èyí tó kù nínú mùdùnmúdùn egungun kí ti tuntun lè rí ààyè. Irun á re, agbára ìdènà àrùn á lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ṣeé ṣe kó má lè bímọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbà á níyànjú pé kó kọ́kọ́ tọ́jú ẹyin tàbí àtọ̀ rẹ̀ pa mọ́. Victoria Gray láti Mississippi ni aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2019. Nínú àwọn aláìsàn 31 tí wọ́n ti tọ́pa wọn pẹ́ tó kí ìjọba tó fọwọ́ sí i, 29 ló lo ó kéré tán oṣù 12 láìsí kíráísísì tó le. Iye owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Ó ń dùn mí wọra, torí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ọmọ SS pọ̀ sí jù lọ láyé.

Sí àwọn àfẹ́sọ́nà: inú sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gé jíìnì. Wọn kò fọwọ́ kan ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin. Ẹni tó jẹ́ SS, tí wọ́n tọ́jú tí ara rẹ̀ yá, S náà ni yóò fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Bó bá fẹ́ AS, ìdajì ni ìrètí pé oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ SS. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ṣáájú ìgbéyàwó kò tíì di ohun àtijọ́.

Àwọn tiwa náà ti sapá. Ní ọdún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà, onímọ̀ egbòogi ní Yunifásítì Ifẹ̀, àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde pé omi gbòǹgbò orin àtà ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó wọ́ padà sípò. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ inú ìgò láàbù ni wọ́n ti rí i, ọ̀nà sì jìn láti inú ìgò dé inú ara. Ẹni tó bá ń ta àgbo, tó wá ní kí ẹ da oògùn ọmọ nù, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ jù ni hydroxyurea. Láti ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àìsàn yìí. Kápúsù tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ ni, kò gé jíìnì kankan, síbẹ̀ F yìí kan náà ló ń mú pọ̀ sí i. Ní ọdún 2019, èsì ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tó lé ní 600 ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà: ìrora dín kù, ibà dín kù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dín kù, ikú náà dín kù. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn òbí nítorí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń lò ó fún jẹjẹrẹ. Òótọ́ ni, wọ́n ń lò ó, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ ká dá a rà. Ó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sì yẹ kí aboyún máa lò ó.

Bí ọmọ yín bá jẹ́ SS, tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìbáà jẹ́ ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ifẹ̀ tàbí ní Wesley Guild ní Iléṣà, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ọmọ yìí lè bẹ̀rẹ̀ hydroxyurea, mílígíráàmù mélòó ló bá ìwúwo rẹ̀ mu, ìgbà wo sì ni ká gbé e padà wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀?