Ẹ Na Ọwọ́ Yín Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀ńjìnnì

Páálí ẹ̀ńjìnnì rélùwéè kékeré mẹ́rin, irú èyí tí iná ń mú sáré lórí tábìlì, ni Bàbá tò síwájú mi kí wọ́n tó ní kí n jókòó. Ọmọ wọn ló fi wọ́n ránṣẹ́ láti Jámánì. Ilé wọn wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mọ́kọ́lá, irú èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá dúró lójú títì á rí ilé ilẹ̀, ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé á rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá abẹ́ ilé tó wà níhà ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n fẹ́ sọ di ìlú rélùwéè.

"Ọ̀gá káfíńtà, tábìlì gbàràmù kan ni mo fẹ́. Kó gba gbogbo yàrá náà."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín síwájú."

Wọ́n wò mí bíi pé mo fẹ́ wo àtẹ́lẹwọ́ wọn bíi babaláwo, ṣùgbọ́n wọ́n nà án. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n láti ikùn wọn dé orí ìka: sẹ̀ntímítà 70. Mo ní, "Ibi tí tábìlì yín máa fẹ̀ mọ nìyẹn, sà."

Ilẹ̀kùn àti wọ́dúróòbù ni mo fi ń jẹun. Àtẹ ojú irin, ìfẹ́ ọkàn mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń sanwó fún mi nítorí rẹ̀. (Àtẹ ni mo ń pe gbogbo rẹ̀ pátá: pákó, irin, wáyà, òkè, ilé kéékèèké.) Ohun tí mo sì rí ni pé ibi tí ọwọ́ ò dé ló ń pa àtẹ, kì í ṣe ẹ̀ńjìnnì, kì í ṣe iná. Kóòṣì (ọkọ̀ tí ẹ̀ńjìnnì ń fà) á ṣubú, eruku á bà lé irin, wáyà á já, aláǹtakùn á ta sẹ́nu ihò òkè. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo lórí àtẹ, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣẹlẹ̀ níwájú yín, ẹ ti tún un ṣe kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ tún nǹkan ṣe. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ni ẹ máa fi sílẹ̀ di ọ̀la, tí ọ̀la á di ọdún tó ń bọ̀.

Èmi náà kọ́ ọ lára. Àtẹ àkọ́kọ́ mi, odindi pláíwúùdù kan ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, mo sì tì í mọ́ igun ògiri. Ọkọ̀ yí i po dáadáa fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, kóòṣì kan ṣubú ní kọ̀rọ̀ tó jìnnà jù. Mo gun tábìlì, orúnkún mi sì wọ inú òkè tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì mọ. Ìyàwó mi gbọ́ ìró rẹ̀ láti ilé ìdáná, ó ní ṣé ògiri ló wó ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àtẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bíi pẹpẹ, kí ẹ̀yin dúró láàárín. Sẹ̀ntímítà 45 sí 60 tó fún ìbú rẹ̀. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá, ọkọ̀ á rin bíi mítà 10 kó tó padà síbi tó ti gbéra. Lórí pláíwúùdù tèmi yẹn, mítà 6 péré ni. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń fa wàhálà, torí irin gbọ́dọ̀ ré e kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ lè máa bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, n ò ní kí wọ́n máa rákò wọlé. Mo ṣe afárá kan fún wọn, bíi káńtà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń gbé sókè, mo sì fi súwíìṣì kékeré sídìí rẹ̀: bí afárá bá ti gbéra báyìí, iná kú lórí irin tó wà nítòsí, kí ẹ̀ńjìnnì má baà já sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ pákó, omi. Ará Ìbàdàn kì í fi omi ṣeré: a rántí Omíyalé Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980, a sì rántí ti oṣù kẹjọ 2011. Ṣùgbọ́n omi tó ń ba àtẹ jẹ́ kì í ya wọlé bẹ́ẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ti ń yọ́ gòkè, díẹ̀díẹ̀, torí ògiri ẹ̀yìn irú yàrá yìí, inú erùpẹ̀ ló wà. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ níbùú lóròó, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin. Ẹ lẹ òmíràn mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sábẹ́ náílọ́ọ̀nù, ilẹ̀ ló ń làágùn. Bó bá jẹ́ orí rẹ̀ ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló lómi nínú. Fèrèsé àti fáànù lè tó o. Oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ ṣe ìdánwò náà. Ẹni tó bá ṣe é ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa, irọ́ ni yàrá náà máa pa fún un.

Ilẹ̀ ti Bàbá làágùn. Inú wọn ò dùn nígbà tí mo ní n ò ní kan ìṣó kankan, àfi ìgbà tí bíríkìlà bá gbẹ́ gọ́tà sẹ́yìn ilé, tí omi òrùlé sì gba ibòmíràn lọ. Oṣù méjì ló gbà. Ẹ̀ńjìnnì mẹ́rin jókòó sínú páálí.

Ní ọjà pákó Bódìjà, arère ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn yín, torí ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Arère dára fún òkè àti fún àwọn ilé kéékèèké tí ẹ fẹ́ gbẹ́. Kó má ṣáà fara kan ilẹ̀: oúnjẹ ikán ni. Apá tàbí ìrókò ni mo fi ń ṣe ẹsẹ̀ tábìlì, àfàrà ni mo fi ń ṣe férémù. Igi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ayùn bọ̀, ẹ gbé e sínú yàrá náà gan-an, ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan ó kéré tán. Igi tútù tí ẹ bá kàn lónìí á sún kì tó bá di ọyẹ́, á lọ́, ojú irin orí rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn á ní ooru ló ká irin. Nínú yàrá, irin kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Igi ló ń rìn. Ẹ fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín tábìlì àti ògiri pẹ̀lú, kí ẹ lè rí ikán tó bá ń fi ẹrẹ̀ la ọ̀nà.

Ó wá kan ìwọ̀n. Èyí tí wọ́n ń pè ní HO ló wọ́pọ̀ jù láyé: wọ́n pín ìwọ̀n ohun gidi sí 87, ojú irin rẹ̀ (àlàfo àárín irin méjèèjì) sì fẹ̀ ní mìlímítà 16.5. N kéré jù ú lọ, wọ́n pín in sí 160, ojú irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9. Ẹni tí yàrá rẹ̀ há lè mú N, bí ojú rẹ̀ bá ṣì ń rí abẹ́rẹ́.

Rélùwéè méjì ló wọ Ìbàdàn, wọn ò sì fẹ̀ dọ́gba. Ti àtijọ́, tó dé láti Èkó ní 1901, tí sítéṣàn rẹ̀ wà ní Dùgbẹ̀, fẹ̀ ní mìlímítà 1,067. Tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, tó ń dúró ní Mọ́níyà, fẹ̀ ní 1,435. Ẹ pín 1,435 sí 87: 16.5, ojú irin HO gan-an nìyẹn. Ẹ wá pín 1,067 sí 64: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16.7. Ìyẹn ni pé irin kan náà lè jẹ́ Mọ́níyà, ó sì lè jẹ́ Dùgbẹ̀, bí ẹ bá ti kọ́ ilé, èèyàn àti kóòṣì ti Dùgbẹ̀ sí ìwọ̀n 64. Ní Ọsirélíà àti New Zealand, níbi tí irú ojú irin wa àtijọ́ wà, àwọn kan ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn pa méjèèjì pọ̀ sórí àtẹ kan, ọlọ́pàá Dùgbẹ̀ á ga ju ilẹ̀kùn kóòṣì Mọ́níyà lọ.

Bàbá ní Dùgbẹ̀ làwọn fẹ́, ibẹ̀ làwọn ti máa ń wọkọ̀ lọ sílé ìwé. Ẹ̀ńjìnnì HO ọmọ wọn ńkọ́? A tú ara wọn kúrò, a fi páálí líle àti pláíwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ara tuntun lé mọ́tò wọn. Nígbà tí mo mú síkúrúdíráfà, Bàbá bọ́ síta.

Wọ́n tún fẹ́ Ilé Kòkó lẹ́yìn sítéṣàn. Mítà 105 ni gíga Ilé Kòkó. Ẹ pín in sí 64, ó ju mítà kan àbọ̀ lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ tábìlì fúnra rẹ̀ ga ju mítà kan lọ. Mo tọ́ka sí àjà. "Bàbá, orí rẹ̀ máa yọ sí pálọ̀." A yà á sára ògiri, ní kékeré, a fi ọ̀dà funfun díẹ̀ po àwọ̀ rẹ̀ kó lè dà bíi pé kùrukùru bò ó lókèèrè. Bákan náà ni ọ̀nà jíjìn: kìlómítà 157 ojú irin tuntun láti Èkó, bí ẹ bá ní kí ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ ní HO, bíi kìlómítà kan àti mítà 800 ni. Sítéṣàn kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Èkó lè jẹ́ irin mẹ́ta tí ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn òkè, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró de ìgbà tó máa tún yọjú.

Ìkọrọ̀ irin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kábàámọ̀. Ẹ kan ìṣó mọ́lẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ìdí kejì, ẹ yí i po: bí irin ṣe máa tẹ̀ nìyẹn. Gígùn okùn yẹn ni mo ń sọ. Ẹ wọn kóòṣì yín tó gùn jù. Bí okùn bá tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ọkọ̀ á kọjá, ṣùgbọ́n á máa ráhùn. Ìlọ́po méjì àbọ̀, á kọjá láìsí wàhálà. Ìlọ́po mẹ́ta, ojú á gbádùn rẹ̀. Kóòṣì mítà 25 jẹ́ bíi sẹ̀ntímítà 29 ní HO, nítorí náà okùn sẹ̀ntímítà 72 ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Tó bá di àkókò iṣẹ́ gan-an, ẹ ju okùn nù, ó máa ń fà. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ lu ihò méjì sí kì í purọ́. Gbogbo ilẹ̀ yàrá ni kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yà bí àtẹ ṣe máa rí, kí ẹ sì ní kí ẹni méjì kọjá ara wọn láàárín rẹ̀.

Ní ti gígun òkè: sẹ̀ntímítà méjì fún mítà kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí irin kan tó lè gba orí èkejì kọjá ní HO, ó gbọ́dọ̀ gòkè bíi sẹ̀ntímítà méje àbọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́rin láti gòkè, mẹ́rin mìíràn láti sọ̀ kalẹ̀. Yàrá kékeré ò gbà á.

Wáyà ò le. Ẹ ta wáyà mìlímítà 2.5 méjì, pupa àti dúdú, yí abẹ́ tábìlì po, kí ẹ sì máa sọ́dà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara rẹ̀ sí irin ní mítà kọ̀ọ̀kan; ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ibi tí irin ti so mọ́ra wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ DCC, tó ń darí ẹ̀ńjìnnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lórí irin kan náà, ẹ gbé owó onírin náírà kan dábùú irin méjèèjì níbi tó jìnnà jù. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá pa, ẹ fi kún wáyà. (Bóyá iṣẹ́ tó kù fún owó yẹn nìyí.) Jẹnẹrétọ̀ ò gbọ́dọ̀ dé yàrá abẹ́ ilé rárá, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Májèlé inú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì ń pani.

Ilẹ̀ Ìbàdàn ló dára jù fún ilẹ̀ Ìbàdàn. Ẹ bu erùpẹ̀ pupa, ẹ sá a, ẹ fi asẹ́ ògì kù ú. Kí ẹ tó dà á sórí àtẹ, ẹ fi òòfà rìn kiri inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ máa rí i tí irun dúdú ń hù lára òòfà náà: irin tó wà nínú erùpẹ̀ wa nìyẹn, tí mọ́tò ẹ̀ńjìnnì á máa fà sínú títí tó fi máa jóná. Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ omi, ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí i díẹ̀, torí láìsí ọṣẹ, ṣe ni omi gọ́ọ̀mù á máa yí gbirigbiri lórí eruku.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lẹ òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín irin, ẹ wa ọkọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ní síwájú, ní sẹ́yìn, pàápàá sẹ́yìn. Níbi tí kóòṣì bá ti ṣubú, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ẹ sì kọ nọ́ńbà kóòṣì náà síbẹ̀. Bí àmì mẹ́ta bá pàdé lójú kan, irin ló ní ẹjọ́. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà ló fọ́n ká gbogbo àtẹ, ẹ wo táyà kóòṣì yẹn. Nígbà tí mo padà dé Mọ́kọ́lá lópin ọ̀sẹ̀, àmì mọ́kànlá ni mo bá, mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ nọ́ńbà 3. Bàbá ti gbé nọ́ńbà 3 sínú páálí, wọ́n sì kọ "ó ń ṣàìsàn" sára rẹ̀.