Ọwọ́ tó rọ, tó gbéra nígbà tí Bàbá yán

Obìnrin kan sáré wá bá mi ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò sì ṣeé gbé. "Dókítà, ẹ má bínú o, àfi bí ẹni pé Bàbá ń díbọ́n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yán ni, ọwọ́ yẹn sì gbéra fúnra rẹ̀!"

Mo ní kí Bàbá gbé ọwọ́ náà sókè. Wọ́n gbìyànjú títí òógùn fi bò wọ́n lójú, ìka kan kò mì. Nígbà tó yá wọ́n tún yán. Ọwọ́ náà rọra ká ní ìgbọ̀nwọ́, ó kúrò lórí ibùsùn, bí wọ́n sì ti pa ẹnu dé ló wó padà.

Bàbá kò díbọ́n. Ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà dé ọwọ́ ju ẹyọ kan lọ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ife, òkè ọpọlọ ni àṣẹ yẹn ti ń wá. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìdí ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti fẹ́ wọ ọrùn. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn iṣan tó ń gbé e ti ń sọdá sí òdìkejì. Ìdí nìyẹn tí ọpọlọ òsì bá bàjẹ́, tí ọwọ́ ọ̀tún fi ń rọ. Lẹ́yìn náà ni mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn yóò gba iṣẹ́ náà, tí yóò sì fi jẹ́ ọwọ́.

Rọpárọsẹ̀ Bàbá gé ọ̀nà lókè. Ti ìsàlẹ̀ ṣì wà láàyè, àṣẹ yíyán, tó ń ti ìdí ọpọlọ wá, sì ń rí i lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rín. Mo lè ní kí aláìsàn fi eyín hàn mí, kí ẹnu rẹ̀ ṣí lápá kan ṣoṣo. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ pa á lẹ́rìn-ín, apá méjèèjì lè ṣí!

Àwọn èèyàn rò pé orúnkún ni mò ń yẹ̀ wò tí mo bá fi òòlù rọ́bà gbá a. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni mò ń bi ní ìbéèrè. Ó máa ń dáhùn kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó pé, ẹsẹ̀ á ti ta kí ẹ tó mọ̀. Ọpọlọ ló ń kó o ní ìjánu. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹsẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ mú sábà máa ń ta ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ.

Ọkàn, ìfun àti ọmọlójú tó ń sún kì nínú ìmọ́lẹ̀ kì í gbàṣẹ lẹ́nu wa rárá. Èémí ní tirẹ̀ ń gbé ilé méjì. Ẹ lè sé e bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó sé e títí tó fi dákú, ìdí ọpọlọ á bá a mí padà.

Ọmọ Bàbá bi mí bóyá kí àwọn máa mú wọn yán lójoojúmọ́. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kí wọ́n gbé ife síwájú wọn dípò ìyẹn, kí Bàbá máa nawọ́ sí i léraléra, ìbáà jẹ́ èjìká nìkan ló mì.