Bí ìbò tó pẹ́ dé ṣe lé Méyọ̀ Seattle kúrò lórí àga

Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ jáde lálẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Bruce Harrell tó wà lórí àga Méyọ̀ ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ló ń lé iwájú. Ó fi nǹkan bí ìbò méje nínú ọgọ́rùn-ún ju Katie Wilson tó ń bá a du ipò náà lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, Wilson ti fi ìbò 91 gbà á. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè á ní ojoro ti wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ka ìbò níbẹ̀ náà nìyẹn.

Ní ìpínlẹ̀ Washington tí Seattle wà, ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn tò sórí ìlà láti dìbò. Ó kéré tán, nígbà tí ìdìbò bá ku ọjọ́ 18, ìjọba ti fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sílé gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Olùdìbò á fi báírò kun ojú ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó wù ú, á ki ìwé náà bọ àpòòwé, á sì buwọ́ lù ú. Kò ní ra sítáǹbù. Bó bá fẹ́, ó lè sọ ọ́ sínú àpótí irin tó wà lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń tì pa ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Àmọ́ èyí tó bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́, òǹtẹ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí òǹtẹ̀ náà kò bá ti kọjá ọjọ́ ìdìbò, wọ́n á kà á, ì báà dé lọ́jọ́ kẹta.

Ìlú Renton niṣẹ́ ti ń pọ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ King County, ìjọba ìbílẹ̀ tí Seattle wà lábẹ́ rẹ̀, ti ń fi ìbuwọ́lùwé ara àpòòwé kọ̀ọ̀kan wé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó tú u. Bí méjèèjì kò bá jọra, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì kàn sí ẹni tó ni ín kó wá tún un ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ nirú èyí sábà máa ń bá. Ta ló tún ń fi báírò buwọ́ lùwé lóde òní?

Àpòòwé tó tètè dé ló ń gbé èsì alẹ́ àkọ́kọ́ jáde, àwọn àgbà àti onílé ló sì sábà ń tètè fi tiwọn ránṣẹ́. Ọ̀dọ́ àti ayálégbé a máa fà á dọjọ́ tó kẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọ̀rọ̀ owó ilé àti ọkọ̀ èrò tí Wilson ń sọ dùn mọ́. Kò sẹ́ni tó yí ọkàn padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ìbò wọn ti wà nínú àpòòwé látọjọ́ kẹrin, wọn ò tíì tú u ni.

Harrell gbà pé Wilson ló wọlé lọ́jọ́ kẹtàlá. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí èsì lọ́jọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n, ìbò 2,011 ló wà láàárín wọn. Òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí ẹ̀rọ tún ìbò kà bí àlàfo kò bá tó 2,000, tí kò sì tó ìdajì ìbò kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Wilson lé ní méjèèjì, ni wọn ò bá tún un kà.